Níbo lẹ ti ń ra ìwé tí kò wọ́n fún ọmọ tí ẹ ń kọ́ nílé?

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Apá wa ò ká owó iléèwé mọ́, èmi àti bàbá àwọn ọmọ wá fẹnu kò pé ká máa kọ́ àwọn ìbejì nílé. Pírámárì 4 ni wọ́n wà. Mo gbé lísìtì ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lánàá. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, àyà mi já: ₦94,000, fún ọmọ kan péré! Níbo lẹ ti ń ra tiyín? Èwo ni mo lè fi sílẹ̀?

Tíṣà Nyanya:
Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀, mà. Lísìtì iléèwé nìyẹn, àwọn ló ń mú ìwé méjì lórí iṣẹ́ kan. Kòríkúlọ́ọ̀mù NERDC ni kí ẹ kọ́kọ́ wá (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ni níléèwé, oríléeṣẹ́ wọn wà ní Sheda, lọ́nà Lọ́kọ́ja). Òun ló máa sọ ohun tó yẹ kí ọmọ pírámárì 4 mọ̀ fún yín. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2025, àmọ́ ìyẹn ò ní kí ẹ ju ìwé Ìṣirò àtijọ́ nù. Ìsọdipúpọ̀ ò yí padà.

Ìwé Ìṣirò kan, Gẹ̀ẹ́sì kan, Sáyẹ́ǹsì kan, ó parí. Ẹ tún sọ pé owó yẹn jẹ́ fún ọmọ kan péré. Ṣebí ìbejì ni wọ́n, kíláàsì kan náà? Ẹ̀dà kan ni wọ́n máa jọ kà.

Bàbá Lugbe:
Àlòkù ni kẹ́ ẹ rà. Àmọ́ ẹ lajú o. Mo ra ìwé Ìṣirò kan lọ́jà ní ₦1,500, mo ń yọ̀ bọ̀ wálé. A ń ṣí i lọ, a dé ojú ewé 48, èyí tó tẹ̀ lé e ni 65. Odindi ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìdá ti já lọ pátá. Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé a ò ní ṣe ìdá nìyẹn?" Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Àtìgbà yẹn, mo máa ń ka ojú ewé lójú ẹni tó ń tà á, kó máa wò mí. Ti ìwé iṣẹ́ ṣíṣe ńkọ́? Tí wọ́n bá ti fi bírò dáhùn ìbéèrè inú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Pẹ́ńsù nìkan ló ṣeé pa rẹ́.

Tíṣà Nyanya:
Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe títà. Ti àwọn ọmọ iléèwé ìjọba nìyẹn, ẹnì kan ló jí i.

Ọmọ Ìlọrin:
Èmi ò ra ìwé l'Ábújá mọ́. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé iléèwé wà. Àbúrò mi ní Dùgbẹ̀ á bá mi rà á, á fi í sínú ọkọ̀, mo máa gbà á ní gáréèjì Jabi. Tó bá jẹ́ ìwé kan, owó ọkọ̀ á pa yín. Ẹ jẹ́ ká kó tiwa pọ̀.

Màmá Kàdúná:
Ẹ ò dárúkọ ti ọ̀fẹ́ rárá! Ìwé sáyẹ́ǹsì Siyavula ti South Africa, kíláàsì 4 dé 6, ẹ kàn máa wà á sórí fóònù ni. Tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ wá Kolibri, áàpù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan: dátà tí ẹ fi wa ẹ̀kọ́ sínú ẹ̀ nìkan lẹ máa san, lẹ́yìn náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ̀kọ́ fídíò Khan Academy sì wà níbẹ̀. Ẹ má wa gbogbo ẹ̀ o, orí tí ẹ nílò ni kí ẹ mú.

Ti kíka Yorùbá, ìtàn ọmọdé ọ̀fẹ́ wà lórí African Storybook. Mo sì ra Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, torí àwọn tèmi mọ "ìná kwáná" ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìdérí ìgò mínírà ni mo fi ń kọ́ wọn ní òǹkà. Ẹni tó ń ta mínírà ládùúgbò wa rò pé mo ń kó o tà ni.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ Ìlọrin, ẹ kà mí mọ́ ẹrù Ìbàdàn yẹn: Ìṣirò kan, Gẹ̀ẹ́sì kan. Siyavula ti ń wọlé sórí fóònù mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá Lugbe, ṣé kí n ní kí wọ́n ra Ìṣirò tiyín pọ̀, èyí tí ìdá wà nínú ẹ̀?

Bàbá Lugbe:
Ẹ bá mi rà á. Ọmọ yẹn ń kà á léjìká mi báyìí, ojú ẹ̀ ti fà ro.