Èsì: "Ìyínilọ́kànpadà" kò gba ibi tí ẹ fi í sí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí á bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ girama bí a ṣe ń tú ìwé ìtàn àti ìpolówó ọjà palẹ̀. Méjì nínú wọn, "ibùdó ìtàn" (ibi àti ìgbà tí ìtàn ti wáyé) àti "ẹ̀dá ìtàn" (àwọn èèyàn inú rẹ̀), ti wà lẹ́nu àwọn lámèyítọ́, àwọn tó ń yẹ ìwé wò, tipẹ́, n kò bá wọn jà. Àwọn méjì yòókù ni kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní theme, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìtàn dá lé lórí, wọ́n pè é ní "ẹ̀kọ́ inú ìtàn". Ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé tàbí onípolówó ń ta kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọ̀ wá lára, kí á sì ṣe ohun tó fẹ́, wọ́n pè é ní "ọgbọ́n ìyínilọ́kànpadà".

Ẹ jẹ́ kí á mú ìwé kan, kí á gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ bí ẹní ń dán ẹ̀wù wò. Ìtàn Sẹ̀gilọlá ni mo mú.

Ní 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí I. B. Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀ ní ìlú Èkó. Obìnrin kan ló ní òun ń kọ ọ́. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ ròyìn bí òun ṣe fi ọkùnrin ṣayé, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà ń gun orí lẹ́tà títí wọ 1930, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwé. Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó tó kọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á kà nígbà náà kò mọ̀. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa obìnrin yìí bí ẹni tó ń gbé ní òpópónà kejì.

Ó yá, ẹ bi ọmọ girama kan pé: "Ṣàlàyé ìyínilọ́kànpadà nínú ìtàn Sẹ̀gilọlá." Kí ni ọmọ náà máa kọ? Á kọ ọ́ pé Sẹ̀gilọlá kábàámọ̀, ó sunkún, ó bẹ Ọlọ́run kó dárí jin òun. Kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fún un ló rán an lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wàásù fún wa ní èdè Yorùbá ni ọkàn tó yí padà ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ̀yin sì ń béèrè ni bí Thomas ṣe ṣe é tí gbogbo ìlú fi gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ní ìrònúpìwàdà kankan nínú.

Àléébù kejì ló tóbi jù lójú mi. "Ìyípadà" ti sọ fún wa pé ọkàn kan kọjú sí ìlà-oòrùn tẹ́lẹ̀, ẹnì kan wá yí i sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ tó ń kígbe pé ó ń gbóná fẹlifẹli, ọkàn ta ló yí padà? Ebi ti ń pa ọ́ kó tó yọ sí ojúlé yín. Ó kàn júwe ọ̀nà fún ebi ni. Tàbí kí á wo ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Afẹ́nifẹ́re ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá. Ta ló máa dìde láàárín ọjà pé òun kì í fẹ́ ire fún ẹnikẹ́ni? Orúkọ náà ti wá bá ọ níbi tí o dúró sí, ó jókòó tì ọ́, ẹni tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ náà wá dà bí ẹni tó ń ro ibi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, kò sì yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà.

Ẹnì kan ti dábàá "ìpàrọwà" níbí rí. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, torí a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ̀dá rẹ̀, inú ilé la ti bá a. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àrọwà ṣe rí. Ìyàwó kó ẹrù, àwọn àgbà tọ̀ ọ́ wá, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní ó tó, ìyá ọmọ, wo ti àwọn ọmọ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ẹni tí à ń pàrọwà fún mọ̀ pé wọ́n ń pàrọwà fún òun, ó sì lè kọ̀ jálẹ̀. Thomas kò pàrọwà fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ó jáde sọ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbà pé obìnrin yìí wà láàyè, ìtàn parí nìyẹn. Sẹ̀gilọlá inú ìwé ló ń pàrọwà, ó ń rọ àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ohun méjì ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo yìí, àrọwà ẹ̀dá ìtàn àti ọgbọ́n ẹni tó dá a. Bí a bá fi orúkọ kan pe méjèèjì, a ò ní rí ìyàtọ̀ wọn mọ́.

Ẹni tó ní ká kúkú pè é ní "ìtànjẹ", mo mọ̀ pé àwàdà ni. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ ti inú orúkọ dá ẹjọ́ kí ọmọ tó ka ìwé.

Àbá tèmi rèé: ìfọ̀rọ̀fani. Fi ọ̀rọ̀ fa ẹni. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" náà ni, èyí tí rédíò ti mọ́ gbogbo wa lára, tèmi sì kúrú jù ú lọ. "Fà" kò sọ ibi tí èèyàn dúró sí tẹ́lẹ̀. A lè fa ẹni tó wà nítòsí, a lè fa ẹni tó jìnnà, ó lè mọ̀, ó lè má mọ̀. Mo dán an wò lára ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní ṣé ìjà ni, torí wọ́n máa ń sọ fún un nílé pé kó má fa ọ̀rọ̀. Mo ní fífa ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí fífi ọ̀rọ̀ fà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ẹ ó ní àwòrán tó wà lára pátákó ìpolówó ńkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Bí ìlù bá lè sọ̀rọ̀, àwòrán náà lè sọ ọ́.

Lábẹ́ ìfọ̀rọ̀fani yìí la ó wá to àwọn ọgbọ́n kéékèèké sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní New York ní 1937 láti máa tú àṣírí ìpolongo, wọ́n sì ka irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sí méje. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni kí èèyàn ṣa èyí tó gbè é sọ, kó gbé èyí tó kù mì. "Àṣàsọ" ni mò ń pe ìyẹn. Òmíràn ni pé gbogbo ayé ti ń lọ, má ṣe dá dúró. N kò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un ju "wọ́n-ń-lọ-mò-ń-lọ", tó dà bí orúkọ aṣọ ẹbí. Ẹ bá mi wá a.

Ó ku "ẹ̀kọ́ inú ìtàn". Ẹ̀kọ́ inú ìtàn Sẹ̀gilọlá, òun fúnra rẹ̀ ló ń kígbe rẹ̀: ẹ má ṣe dà bíi tèmi. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìdáhùn, ọmọ girama á ti parí iṣẹ́ ní ìlà kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu obìnrin yìí nígbà tó bá ń rántí ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, afẹ́ tó ṣe, àwọn ọkùnrin tó fọgbọ́n mú, orin tí wọ́n ń kọ láyé ọjọ́un. Ẹkún ń sọ ọ̀kan, adùn ń sọ òmíràn. Ibi tí méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn ni "kókó-ọ̀rọ̀", ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ wa tí ẹ̀gbọ́n wa kàn fò dá. Ẹ má jẹ́ kí "kókó ìròyìn" ti orí rédíò dà wá láàmú. Okùn tí a ta ní kókó ni kí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ̀kọ́, a máa ń gbà á sílé ni. Kókó, títú là ń tú u.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ gbé iṣẹ́ yìí síwájú wa. Ẹ bá mi pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan dáhùn ìbéèrè pẹ̀lú "ìyínilọ́kànpadà", kí apá kejì fi "ìfọ̀rọ̀fani" dáhùn, lórí ìtàn kan náà. Ohun tí wọ́n bá kọ ni kí ẹ kó wá fún wa. Bí àwọn tó gba tèmi bá kọ nípa ìjà, màá kó ọ̀rọ̀ mi dà nù.

Àbúrò yín ni.