Èsì: “Àdánwò ọpọlọ” kọ́ o, ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò

Ẹ̀yin ará mi nínú èdè, mo kí yín.

Mo ti ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí Alàgbà fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, èyí tí wọ́n ṣẹ̀dá fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn bímọ, àti àwọn obìnrin tó ń bá ẹlòmíràn gbé oyún. Fún ẹni tí kò bá kà á: obìnrin tó gbé oyún fún ẹlòmíràn, wọ́n pè é ní “ìyá àyálò”, ẹni tó fi ẹyin tàbí àtọ̀ sílẹ̀, “ọlọ́rẹ”, ìjókòó pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, “àdánwò ọpọlọ”, ọ̀rọ̀ tí olùdámọ̀ràn ń bá gbogbo wọn sọ, “ìgbaniníyànjú”. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti kan sáárá. Mo júbà Alàgbà, ṣùgbọ́n èmi ò lè bá yín kan án. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn orúkọ yìí kò sì wo ilé kankan.

Ibi tó ń dùn mí jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àdánwò! Ta ni nínú wa tí kò ṣe àmín rí sí àdúrà pé kí Olódùmarè má jẹ́ ká rí àdánwò? Ohun tí ènìyàn ń fi orí ìkúnlẹ̀ sá fún ni ẹ gbé, tí ẹ fi sọ yàrá tí obìnrin yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀. Ẹ wá so ọpọlọ mọ́ ọn nídìí. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yẹ ọpọlọ ẹnì kan wò, kí ni ará ilé rẹ̀ yóò rò? Wọ́n á ní ó ti dé nìyẹn. (Mi ò tíì dárúkọ àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí wọn yóò kọ ọ́ títí a ó fi máa yẹ ọ̀pọ̀lọ́ inú odò wò.)

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló fa wàhálà: ká yọ à- kúrò, ká fi ì- dípò, kó di ìdánwò, ọ̀rọ̀ á tòrò. Ó ní ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ni à- ń tọ́ka sí, pé ti ìṣe fúnra rẹ̀ ni ì-. Ta ló kọ́ ọ, ọmọ mi? Àlàyé ńkọ́, ṣé ó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni? Àbẹ̀wò ńkọ́? Àyẹ̀wò gan-an tí mo fẹ́ dábàá, à- ló wà níwájú rẹ̀. Àfòmọ́ kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ̀bi, dán-wò yẹn. Ẹni tí a bá dán wò, àfi kó yege tàbí kó kùnà, kò sí ibì kẹta tí yóò gbà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. Nínú àwọn ìwé ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ìrònú ń lò fún iṣẹ́ yìí, MMPI-2 wà níbẹ̀, tó jáde ní 1989 pẹ̀lú gbólóhùn 567, PAI náà wà níbẹ̀, tó jáde ní 1991 pẹ̀lú gbólóhùn 344. Àwọn tó ṣe wọ́n fi òṣùwọ̀n kan pamọ́ sínú wọn tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó mú ẹni tó ń fi ara rẹ̀ hàn dáadáa ju bó ṣe rí lọ: ẹni tí kò bínú rí láyé rẹ̀, tí kò pa irọ́ kékeré kan rí, tí kò sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa rí. Obìnrin tó bá sì fẹ́ kí wọ́n gba òun láti gbé oyún, kí ni ì bá wù ú ju kó fara hàn bí ẹni tí kò lábàwọ́n? Àwọn tó ń ka èsì náà mọ̀ pé bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Ẹ wá lọ sọ fún un pé ìdánwò ló fẹ́ wọlé ṣe! Á múra sílẹ̀ lóru mọ́jú, á sì dáhùn bí ẹni tó ń du ipò kìíní. Orúkọ tí ẹ sọ nǹkan náà ti bà á jẹ́ kí obìnrin náà tó jókòó.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó lọ ka ẹjọ́ ọmọ tí wọ́n ń pè ní Baby M, ní ìpínlẹ̀ New Jersey nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1986 ni wọ́n bí ọmọ náà. Ẹyin obìnrin tó gbé oyún ni wọ́n lò, kò sì lè yọ̀ǹda ọmọ fún àwọn tó tìtorí wọn lóyún nígbà tó bí i tán. Ní 1988 ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní àdéhùn wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó wà nínú ìdájọ́ yẹn pé onímọ̀ ìrònú ti jókòó ti obìnrin náà kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní àwọn ìwà kan tó lè mú kí yíyọ̀ǹda ọmọ nira fún un, pé kí wọ́n túbọ̀ wádìí. Kò sí ẹni tó wádìí. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ka àyẹ̀wò sí ìdánwò: kò ṣáà kùnà, ó tán. Àyẹ̀wò ni onítọ̀hún ṣe, ó wo nǹkan, ó sì rí nǹkan.

Nítorí náà, àyẹ̀wò èrò-inú ni mo fọwọ́ sí. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní “àyẹ̀wò ọkàn” dára jù. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló máa kọ́kọ́ darí obìnrin náà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù kìkì. Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ fún wa pé ẹ pe ọ̀rọ̀ tuntun sétí ìyá àgbà kan. Bí ó bá bi yín pé kí lẹ wí, ẹ lọ tún un rọ. Wọn kò ní jẹ́ kí a kọ “ìyẹ̀wò” tí mo ń rí káàkiri báyìí, àmọ́ ìyẹn ọjọ́ mìíràn.

Ó yá, ìgbaniníyànjú. Mo ti ń ṣe ògbufọ̀ láàrin dókítà àti aláìsàn láti ìgbà tí orí mi kò tíì ní ewú kan, mo sì ń sọ fún yín pé ẹni tó ń gba ni níyànjú ti mọ ibi tí òun fẹ́ kí a forí lé. Ọmọ tó ń sá nílé ìwé là ń gbà níyànjú. Tọkọtaya tó fẹ́ lo ẹyin ẹlòmíràn, ta ló fẹ́ gbà wọ́n níyànjú, kí wọ́n ṣe kí ni? Iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì wọ́n ni kó béèrè ohun tí wọn kò tíì bi ara wọn. Ọ̀fọ̀ ọmọ tí ẹ̀ ń retí látọdún yìí wá, ẹ ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán? Bí àwòrán inú oyún bá fi àléébù hàn, ta ni yóò pinnu? Bí ó bá jẹ́ ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ obìnrin tó gbé oyún, tí wọ́n ń wo ikùn ìyá wọn bó ṣe ń ga, kí lẹ ó sọ fún wọn nígbà tí ọmọ kò bá bá ìyá wọn wálé?

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1990 ní kí wọ́n fún àwọn tó fẹ́ lo ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn láyè irú ìjíròrò yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀ sì ní kó dá dúró gedegbe kúrò lára àyẹ̀wò ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ta ló máa tú inú rẹ̀ fún ẹni tó di ilẹ̀kùn mú? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ru nǹkan méjèèjì. Ìfikùnlukùn ni tèmi. Ẹnì kan ti sáré kọ ọ́ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló ń fikùn lukùn. Láti ìgbà wo? Ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ ni a ń fikùn lukùn lé lórí, èwo ló wá gbẹgẹ́ ju ọ̀rọ̀ ikùn lọ?

“Ọlọ́rẹ” ni èyí tí mi ò bá jà lé lórí, bí kì í bá ṣe ti ohùn. Ọrẹ, ohùn àárín méjì. Ẹ gbàgbé rẹ̀ díẹ̀, ó di ọ̀rẹ́. “Ọmọ ọrẹ” yóò di “ọmọ ọ̀rẹ́”, gbogbo àdúgbò á máa wo ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ẹ kọ olùtọrẹ ẹyin, olùtọrẹ àtọ̀, ká sinmi. Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé olùtọrẹ kì í ṣe ẹni tó fara pamọ́ títí mọ́. Láti 1985 ni òfin Sweden ti fún ọmọ láyè láti mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá tọrẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù Igbe 2005, ọmọ tí wọ́n bí lè béèrè orúkọ rẹ̀ tó bá pé ọdún 18. Níbi tí òfin kò sì tíì dé, àyẹ̀wò DNA tí ènìyàn ń fi itọ́ ṣe nínú ilé ti tú àṣírí. Ohun tó yẹ kí òun náà fikùn lukùn lé lórí nìyẹn kó tó fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ó ku “ìyá àyálò”. Ohun tí a bá yá, a óò dá a padà. Kí la yá? Ta la fẹ́ dá padà fún ta? Ẹ̀yin ẹ mọ òwe tó wà fún ṣòkòtò àgbàbọ̀, ẹ wá fẹ́ fi irú rẹ̀ pe abiyamọ. Ẹ rántí pé ọmọ náà yóò gbọ́ orúkọ yìí. Susan Golombok, onímọ̀ ìrònú, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Cambridge tọ irú àwọn ìdílé báyìí lẹ́yìn fún ogún ọdún. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ni pé àárín ìyá àti ọmọ gún jù níbi tí wọ́n ti sọ fún ọmọ kó tó pé ọdún 7. Ẹ pe ọmọ ọdún márùn-ún, kí ẹ sọ fún un pé ìyá àyálò ló gbé e. Mo ń retí ohun tí yóò bi yín.

Alágbàbí ni mo ní. Àwọn baba wa ti fi gbà lélẹ̀ fún wa: alágbàtọ́, alágbàsọ, alágbàfọ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn láìgbà á mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́. Agbẹjọ́rò wa fárígá, ó ní mo sọ obìnrin di alágbàfọ̀, pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó gbé oyún gan-an ni ìyá, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ẹyin rẹ̀, títí ilé-ẹjọ́ yóò fi gbé ọmọ lé àwọn yòókù lọ́wọ́, pé ìyọ̀ǹda tó bá ṣe kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò dúró. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ṣé òfin ilẹ̀ kan ló fẹ́ máa sọ ọ̀rọ̀-orúkọ wa fún wa? Ó ní òun ń bọ̀ wá dá mi lóhùn. Mo wà ńlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ “agboyún” lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé kan ṣoṣo: rí owó ni rówó, ní oyún ni lóyún. Ta ló gba ohùn òkè lẹ́nu gbé? Agbóyún ni. Ẹni tó sì ní kí n mú ẹ̀rí wá pé àwọn àgbà ti ń sọ alágbàbí rí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn ló fi gbà lélẹ̀. Kó padà lọ kà á.