Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, owó ìtọ́jú Màámi nílé ti fẹ́ẹ̀ kọjá agbára mi

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ilé o. Màámi ti lé ní 79, London níbí la wà, rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ òsì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, wọn ò lè dá wẹ̀, òru gan-an lẹ̀rù máa ń bà mí torí ṣífítì alẹ́ ni mò ń ṣe. Owó tí ẹjẹ́ńsì ń gbà fún kẹ́rà, ẹni tó ń wá tọ́jú wọn nílé, ti fẹ́ẹ̀ jẹ owó oṣù mi tán, bùrọ̀dá mi ní Houston ń gbìyànjú àmọ́ òun náà lọ́mọ ní yunifásítì. Àwọn kan ní tí mo bá lọ bá kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́, wọ́n á ní ká ta ilé Màámi. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbé wọn lọ sílé arúgbó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Irọ́ ni jàre. Tó bá jẹ́ ìtọ́jú inú ilé, wọn kì í ka ilé tí wọ́n ń gbé mọ́ ọn, ilé arúgbó (care home) lọ̀rọ̀ ilé ti máa ń wọ̀ ọ́. Owó báńkì Màámi ni wọ́n máa wò, ní England tó bá ju £23,250 lọ owó Màámi lẹ máa fi san gbogbo ẹ̀. Ẹ ní kí kánsù wá ṣe needs assessment, ìyẹn kí wọ́n wá wo irú ìrànlọ́wọ́ tí Màámi nílò, ọ̀fẹ́ ni.

Àdùnní Thamesmead
Sistá mi, ṣé Màámi ti ń gba Attendance Allowance, owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú! Wọn ò wo báńkì wọn ò wo ilé, tó bá ṣáà ti pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ń nílò ìrànlọ́wọ́. Lọ́dún 2025, £73.90 lọ́sẹ̀ ni, tó bá jẹ́ tọ̀sán-tòru £110.40. Ẹ fóònù kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè ni wọ́n máa kà.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o. Nígbà tí àwọn kánsù wá ṣe assessment fún màmá tèmi, màmá ti múra, wọ́n ti we gèlè, gbogbo ìbéèrè ni wọ́n ń fi “a dúpẹ́, ara ń le” dáhùn, ni kánsù bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò nílò nǹkan kan! Àwọn ìyá wa ò lè fẹnu ara wọn pe àìsàn. Ẹ rí i pé ẹ wà ńbẹ̀, ọjọ́ tí ara wọn bá burú jù ni kẹ́ ẹ sọ, ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, ẹni tó ń gbé wọn dìde lóru, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Age UK, àjọ tó ń ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́, máa ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù Attendance Allowance.

Bàbá Tóbi
Tí kánsù bá gbà, ẹ béèrè direct payment, ìyẹn ni pé wọ́n á fún yín lówó ìtọ́jú náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá kẹ́rà, ẹ lè rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó lè ro àmàlà. Tó bá jẹ́ fíísà tí wọ́n kọ no recourse to public funds sí (pé ẹni náà ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) ni Màámi ń lò, ẹ má gba bẹ́nífíìtì kankan o, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú àwọn òbí wa. Ó ti pẹ́ tí Màámi ti gba páálí ìlú yìí. Carer's Allowance, owó tí ìjọba ń fún ẹni tó ń tọ́jú èèyàn, ńkọ́, ṣé èmi náà lè gbà á?

Àdùnní Thamesmead
Lọ́dún 2025, £83.30 lọ́sẹ̀ ni, àmọ́ tí owó iṣẹ́ èèyàn bá ju £196 lọ lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó orí lọ́dún yẹn, wọn kì í fún un. Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ẹ̀ o. Ẹ pè fún fọ́ọ̀mù Màámi lọ́la.