Atẹ́gùn òjò ti fẹ́ ba ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi jẹ́ o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ o. Òjò alátẹ́gùn àná wó tòmátì mi mẹ́fà lulẹ̀, igi tí mo fi gbé wọn ró gan-an ló kọ́kọ́ ṣẹ́, ẹrẹ̀ wá ta bo gbogbo ewé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni àìsàn ti máa ń wọlé. Mo fẹ́ da koríko gbígbẹ sídìí wọn kí ẹrẹ̀ má baà ta mọ́, àmọ́ ṣé kò ní kó ìgbín jọ fún mi? Mo fi ọ̀rá bò wọ́n nígbà kan, oòrùn yọ, ni gbogbo ẹ̀ bá bọ̀ bí ẹ̀fọ́ inú ìkòkò (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o). Ẹni tó bá ti lo nẹ́ẹ̀tì rí, ṣé ó ń dín agbára atẹ́gùn kù lóòótọ́?