Báínókúlà wo ni kí n rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agbe kan máa ń bà sórí ìrókò ẹ̀yìn ilé wa n'Íbàdàn láàárọ̀, mo sì fẹ́ máa fi báínókúlà, awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tó jìn, rí i dáadáa. ₦60,000 ni mo ní. Mo dán 20x50 kan (ìlọ́po ogún, dígí iwájú tó fẹ̀ ní mìlímítà 50) wò lọ́jà: ọwọ́ mi ò dúró, gbogbo ohun tí mo ń wò ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe! Ẹnìkan ní kí n mú 8x42, pé ìyẹn ò ní gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, á sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ lójú ìdájí. Àmọ́ ṣé ìlọ́po mẹ́jọ ò kéré báyìí? Àbí kí n ra 10x50, kí n gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Tòkunbọ̀ ńkọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò lára dígí rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ "100x" sí lára. Mi ò gbà wọ́n gbọ́.