Lórí “ọ̀dà ìpìlẹ̀”: orúkọ wo ló yẹ ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn sára ike?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn tí ń kọ́ ilé kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré nínú ọgbà ilé wọn béèrè orúkọ fún ohun mẹ́ta: ilé kékeré náà fúnra rẹ̀, abala ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ kí ó lè jọ ilé onípákó, àti ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sára ike yìí kí àwọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àbá tí ọ̀pọ̀ ti fọwọ́ sí ni “ilé àwòṣe”, “aṣọ ògiri” àti “ọ̀dà ìpìlẹ̀”. Mo fara mọ́ èkíní. Èkejì kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí, nítorí pé orúkọ náà lè mú kí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ní ti “aṣọ ògiri”, ohun tí à ń wọ̀ tí a sì ń bọ́ ni aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í bọ́ abala ike yìí mọ́ tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ tán. A ní ìborí, a ní ìborùn. Ọ̀nà kan náà ló yẹ kí a gbà dá “ìbògiri” sílẹ̀. Ẹnì kan dá “èèpo ògiri” lábàá, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní ṣàìsọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tí ń bó, èèpo àti bíbó yóò sì wọnú ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀dà. Àwọn tí ó gbe “ìpìlẹ̀” lẹ́yìn sọ pé gbogbo ènìyàn ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ipò ni ìpìlẹ̀ ń sọ, kò sọ iṣẹ́. Ògiri tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ máa ń fa ọ̀dà mu, nítorí náà ọ̀dàkọ́dà tí a bá kọ́kọ́ kùn ún lè mú un dé ìwọ̀n kan. Ike kì í fa ohunkóhun mu. Ẹni tí ó bá kà pé kí òun kọ́kọ́ kun “ọ̀dà ìpìlẹ̀” lè bu ọ̀dà ògiri tí ó ṣẹ́kù nílé, kí ó fi kun ìbògiri rẹ̀, kí ó sì rò pé òun ti ṣe ohun tí ìwé wí. Ìlú òtútù bíi Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Ìta ni ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ń gbé nínú òjò àti oòrùn. Omi á yọ́ gba ojú oríkèé wọ abẹ́ ọ̀dà, yóò di yìnyín, yóò fẹ̀, ọ̀dà náà yóò sì ṣí ní abala-abala, ike á wà níhòòhò.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Òróró tí wọ́n fi ń yọ ike kúrò nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi dà á sábà máa ń kù lára rẹ̀, nítorí náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló ṣáájú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi sáńpépà kíkúnná ha dídán ojú rẹ̀ kúrò, kí ojú náà lè ní ibi tí ọ̀dà yóò dì mú. Ìgbà yìí ni ọ̀dà tí à ń wá orúkọ fún tó dé, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, kí àwọ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bákan náà. Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà ní ìdá kan nínú 22.5 ilé gidi, ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà méjì lára ilé gidi kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 9 lára rẹ̀. Ọ̀dà tí ó bá nípọn yóò dí gbogbo ihò àárín pákó pátápátá.

Ike pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Epo inú àwọn ọ̀dà kan máa ń yọ́ polystyrene, èyí tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìbògiri. Polypropylene àti polyethylene, tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì, kì í fẹ́ gba ọ̀dà rárá. Bí a bá da omi sí wọn lára, ṣe ni omi náà máa ń ká jọ tí kò ní tẹ́. Èdè wa pe gbogbo wọn ní ike, n kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé orúkọ ọ̀dà náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Nítorí náà ni mo ṣe mú “ọ̀dà alẹ̀mọ́” wá. Ohun tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ni pé nǹkan lẹ̀ mọ́ nǹkan tàbí pé kò lẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ “alẹ̀mọ́” yóò béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá èyí tí òun rà lè lẹ̀ mọ́ ike tòun, ìbéèrè tí ó sì yẹ kí ó bi ẹni tí ń ta ọ̀dà gan-an nìyẹn. Àwọn kan lè wí pé gọ́ọ̀mù ni orúkọ náà yóò mú wá sí ọkàn. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “ọ̀dà” tí ó ṣáájú ti yanjú ìyẹn. Ohùn ọ̀rọ̀ ni kí a ṣọ́: “alẹ̀mọ́” ni mo wí, bíi akọ̀wé, èyí tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí a bá kọ ọ́ ní “àlẹ̀mọ́”, ó ti di ohun tí a lẹ̀, bíi àkọsílẹ̀ tí ó jẹ́ ohun tí a kọ.

Bí ẹ̀gbọ́n bá gba èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí gbólóhùn kan tún wọ abala ìwé náà tí ó dá lórí ilé tí wọ́n ń gbé sí etí adágún inú ọgbà: kí ilé náà gbẹ tán pátápátá níbòmíràn kí wọ́n tó gbé e sí etí omi, kí ẹnikẹ́ni má sì fọ búrọ́ọ̀ṣì sínú adágún, nítorí májèlé ni epo ọ̀dà fún ẹja. Ní ti ọ̀dà aláìláwọ̀, tí kì í dán, tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ kí oòrùn má bàa sọ àwọ̀ di lẹ́búlẹ́bú, n ò tíì gbọ́ orúkọ kan tí ó sàn ju kí a pè é ní “ọ̀dà agbòòrùn” lọ, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ ìwé náà.