Ẹ̀kọ́ Kátólíìkì lórí ìgbéyàwó àti ìbò Ireland: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ̀yin ará, wọ́n ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Dublin sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó, ibì kan sì ti rú mi lójú. Ìjọ Kátólíìkì kọ́ wa pé àárín ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìgbéyàwó, àti pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ tó lè tú u ká. Síbẹ̀, ní 1995, àwọn ará Ireland, tí Kátólíìkì pọ̀ jù nínú wọn, dìbò fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìbò tó lé díẹ̀ ní 9,000. Nígbà tó sì di oṣù karùn-ún ọdún 2015, nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo, bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti kìlọ̀ tó.

Ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń jókòó tì mí ní Máàsì, tí rósárì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, sọ fún mi pé òun dìbò fún ìkọ̀sílẹ̀, nítorí ìjọba kọ́ ló fún òun ní sákírámẹ́ńtì ìgbéyàwó, ìyẹn àmì mímọ́ ti Ìjọ. Ẹnu mi wọhò.

Ìwé tí Vatican gbé jáde ní 2003 ní kí gbogbo Kátólíìkì tako òfin irú ti 2015, pàápàá àwọn olóṣèlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin Ìjọ, ṣé òṣùwọ̀n kan náà ló wà fún ìbò ìkọ̀sílẹ̀, àbí ìyá yìí jàre? Ibo ni mo ti lè kà á?